Àyè Tí Mo Yọ Nínú Ẹ̀rọ Màmá Adéoyè

Agbolé Àkànó,
Ìlọ́bù.
Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aláékúm. Orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má rò pé àsọdùn ni. Orí ẹní ni mo wà, àpótí aṣọ Ìyá ni mo fi ṣe tábìlì. Ẹ kú oko, ẹ kú òjò, ẹ kú àárò wa. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń dùn yín ti fúyẹ́, kí kòkó ọdún yìí má sì rà mọ́ igi. Ara gbogbo wa le níbí. Ìyá wà dáadáa. Fàwáz àbúrò mi ti ga débi pé ṣòkòtò iléèwé rẹ̀ ti dà bí ti ẹni tó fẹ́ la odò kọjá. Òjò tó rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n wọ́n ti bá wa kàn án padà.

Lẹ́tà tí ẹ fi rán Alàgbà Ọládèjì awakọ̀ dé ọwọ́ mi láti oṣù Keje. Ẹ fi ìbéèrè kan parí rẹ̀, ẹ ní, “Malikah, ṣé ìwé náà ń wọlé?” Ẹ dárí jì mí pé mi ò tètè dáhùn. Mo mú bírò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì tún gbé e sílẹ̀. Àwa mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni a wà nínú kíláàsì ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa, ó sì dá mi lójú nígbà yẹn pé àwọn mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún yòókù mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn kan ti ní kọ̀ǹpútà nílé láti kékeré. Èmi, ìka méjì ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, bí adìẹ tó ń ṣa àgbàdo. Bí olùkọ́ bá bi wá pé ṣé ó yé wa, mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì yé mi. Ṣùgbọ́n Bàbá, ìdáhùn mi lónìí ni pé ó ń wọlé. Ojú fèrèsé ló gbà wọlé, kò gba ẹnu ọ̀nà, ohun tí mo sì fẹ́ ròyìn fún yín nìyẹn. Ẹ fi ọkàn balẹ̀ kà á, ayọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí a gba ọlidé, Ìyá lọ bẹ Bùrọ́dà Sofiyullah pé kó gbà mí sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ óò rántí bàbá rẹ̀, Alájì tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ọmọ náà ti sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìsàba, ẹ̀rọ tó ń sàba lé ẹyin bí adìẹ títí yóò fi pa á. Pákó ni ara rẹ̀, gílóòbù ló ń mú un gbóná, fáànù kékeré ló ń fẹ́ ooru náà káàkiri, kọ̀ǹpútà kan tí kò tó páálí ìṣáná ló sì ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Kọ̀ǹpútà yìí náà ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni ẹyin, pé ooru inú ẹ̀rọ tó báyìí, kó fọkàn balẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Dọlápọ̀sí, òun ló ń fi iná jó wáyà pọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà sì yá. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé ló ti sọ mí ní orúkọ, ó ní Ẹnjiníà Ẹ-Dákun ni mí, nítorí pé mi ò lè fọwọ́ kan nǹkan kan láìkọ́kọ́ wí pé “Ẹ dákun, ṣé mo lè…” Lọ́jọ́ kan, mo ń ti ìlẹ̀kùn, ó ní, “Ẹ dákun, ìlẹ̀kùn, Ẹnjiníà ń bọ̀ o!” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n ka kóòdù tó wà nínú kọ̀ǹpútà kékeré náà, èyí tí wọ́n fi èdè tí wọ́n ń pè ní C kọ, kí n sì tún ojú rẹ̀ ṣe. Ẹnì kan tí Bùrọ́dà Sofiyullah bá kẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́ fún un, onítọ̀hún sì ti rìnrìn àjò. Kò kọ àlàyé kankan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ kóòdù náà ni láti máa pín àyè nínú mẹ́mórì. Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí mi ò mọ̀ bóyá mo lè sọ ọ́ lọ́nà mìíràn kó yé èmi gan-an.

Ẹ wo mẹ́mórì bí ilẹ̀ tóóró gígùn kan tí a fi ẹsẹ̀ wọ̀n, tí a sì kọ nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí iṣẹ́ kan nínú ẹ̀rọ bá nílò àyè, á béèrè lọ́wọ́ olùpín ilẹ̀. Bó bá lò ó tán, á dá a padà kí ẹlòmíràn lè rí i lò. Agbẹ́rù kan wá wà nínú ẹ̀rọ náà, tó ń sáré gbé ìṣirò ooru láti ibì kan dé ibì kan. Ó yára, ṣùgbọ́n ó le koko. Kì í sọ ẹrù kalẹ̀ àfi lórí ẹsẹ̀ tí méjìlélọ́gbọ̀n bá pín dọ́gba: ìkejìlélọ́gbọ̀n, ìkẹrìnlélọ́gọ́ta, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí tirẹ̀, olùpín ilẹ̀ á gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ju èyí tí a béèrè lọ, á rìn síwájú títí á fi kan irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, á sì ní kí agbẹ́rù sọ ẹrù síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kúrò, á ri èèkàn kan mọ́lẹ̀ ní kété ṣáájú ibẹ̀, á kọ ọ́ sára èèkàn náà pé ibi báyìí ni ilẹ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ dá ilẹ̀ padà, èèkàn yẹn ni a ó wò, kí a lè dá gbogbo rẹ̀ padà láìku ẹsẹ̀ kankan.

Bí mo ṣe ń kà á, mo rí ohun kan tó ká mi lára. Nígbà mìíràn, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí olùpín ilẹ̀ bá tẹ̀ ti bọ́ sórí nọ́ńbà tó tọ́ láìrìn rárá. Síbẹ̀, kóòdù náà á tún fo ẹsẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n síwájú, á fi àyè sílẹ̀ lófo lẹ́yìn. Bàbá, ẹ mọ ilé tí ẹ ti tọ́ mi. Ilé tí wọn kì í ti í da omi ìfọṣọ nù láìfi fọ ilẹ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín ń so okùn tó já pọ̀ lò. Mo wò ó pé ìfiṣòfò gbáà ni èyí. Mo kọ ìlà méjì kún un: bí ibẹ̀ bá ti tọ́, dúró síbẹ̀, má fo ohunkóhun. Mo fi han Bùrọ́dà Sofiyullah. Ó wò ó, ó ní, “O káre, Malikah! O bá wa gba àyè là.” Ó dán an wò lórí tábìlì, ó ṣiṣẹ́. Ó fi sínú ẹ̀rọ tuntun tí a fẹ́ gbé lọ sí Ìfọ́n. Mi ò lè sùn fún ayọ̀. Dọlápọ̀sí gan-an kò pè mí ní Ẹ-Dákun fún odidi ọjọ́ méjì.

Ẹni tó ni ẹ̀rọ tuntun yìí ni Màmá Adéoyè ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹyin òjìlélúgba ló kó sínú rẹ̀, kì í sì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ni, ó kó wọn jọ láti ilé dé ilé, ní Ìfọ́n, ní Ẹ̀rìn, àti níbí ní Ìlọ́bù pẹ̀lú. Ó ṣèlérí fún olúkúlùkù pé òun á dá òròmọdìẹ padà fún un. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà, adìẹ méjì péré ni wọ́n ní. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìjà ilẹ̀ ṣe wà láàárín ìlú wa àti Ìfọ́n, mi ò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ìdí nìyí tí gbogbo ojú fi wà lára ẹ̀rọ náà. Lọ́jọ́ tí a gbé e dé, àwọn àgbà ọkùnrin tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ òdìkejì ń pariwo pé, “Ẹ wá wo nǹkan o! Ìlọ́bù fẹ́ bá Ìfọ́n se ẹyin!” Màmá dá wọn lóhùn láti ojú fèrèsé pé, “Bó bá jinná, mi ò ní pè yín!”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́ bí aago. Ní ọjọ́ kẹsàn-án yẹn ni Màmá ní kí a fi nọ́ńbà fóònù àbúrò òun, Rachael, kún un, kí òun náà lè máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà. A fi kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀kẹrin ó dákú. Síkírínì rẹ̀ dúró sójú kan, gílóòbù kú, ooru bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Màmá pa á, ó tún tàn án, ó ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ó tún dákú. Ó pè wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi iná wo ẹyin yìí láàárọ̀, mo rí iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú wọn. Wọ́n ti lẹ́mìí. Ẹ má jẹ́ kí n pàdánù wọn.”

Bàbá, ọ̀rọ̀ “wọ́n ti lẹ́mìí” yẹn wọ̀ mí lára ṣinṣin. Bí ẹyin bá tutù pẹ́ ní ọjọ́ kẹwàá, ó tán nìyẹn, kò sí àtúnṣe.

A lọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ yẹn, Bùrọ́dà Sofiyullah, Dọlápọ̀sí àti èmi. A pààrọ̀ bátìrì, a pààrọ̀ wáyà. Ó tún dákú. A yọ nọ́ńbà Àǹtí Rachael kúrò, ó ṣiṣẹ́ dáadáa títí di ọ̀sán. Inú Màmá dùn, ó ní, “Mo ti mọ̀! Nọ́ńbà Rachael ni! Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ibi tó bá ti wọ̀, nǹkan á dúró.” A rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú wa. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun Alásàrì, ẹ̀rọ dákú. Màmá gbé omi kaná, ó dà á sínú àwọn ìgò, ó tò wọ́n sáàárín ẹyin, ó fi ìró ara rẹ̀ méjì bò wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé àga sídìí ẹ̀rọ. Kò tún kúrò níbẹ̀ mọ́. Bó bá ti kú, á tàn án. Bó bá tún ti kú, á tún tàn án.

Láti ìgbà àkọ́kọ́ tó ti dákú ni ọkàn mi ti ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n mo ka ìlà méjì tí mo kọ yẹn bí ẹni ń ka Fátíà, mi ò rí àṣìṣe níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó tọ́ ni mo ní kó dúró sí, ibẹ̀ náà ló sì ń dúró sí. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, tí kò sì jẹ́ òun, wọ́n á ní mo tún gbé ìbẹ̀rù mi dé. Bó bá sì jẹ́ òun ńkọ́? Ọ̀nà méjèèjì le. Mo dákẹ́. Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́, Bàbá, ohun tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, bàbá kan wá láti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun láti ra òròmọdìẹ. Màmá ní àwọn kan tó ti pa ṣáájú nínú àpótí àtijọ́ tó ń fi àtùpà mú gbóná. Ó ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ, kí n ṣọ́ ọ, kí òun ka òròmọdìẹ fún oníbàárà. Ẹ̀gbẹ́ mi níbẹ̀ ló ti ń kà wọ́n sínú páálí. Ó ka àádọ́ta, gbogbo wọn ló ń ta kébékébé, tí wọ́n ń ké ṣío ṣío. Ó tún mú méjì, ó fi lé e gẹ́gẹ́ bí èènì. Mo ti ń wo nǹkan bí òfò láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ẹnu mi sì yá ju ọgbọ́n orí mi lọ. Mo ní, “Màmá, ẹ dákun, àádọ́ta yẹn pé, kò sì sí aláìlera nínú wọn. Ṣé ẹ ṣì máa fi èènì sí i ni?”

Bàbá ará Ẹ̀rìn pariwo, ó ní, “Háà! Màmá, ẹ má gbọ́ tirẹ̀ o! Ọmọ ta nìyí tó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́?”

Màmá wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, bí ó ti máa ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan, ó dá mi lójú. Ó ní, “Ìwọ ọmọ Ìlọ́bù, gbọ́ mi. Èènì kò sí nítorí pé òṣùwọ̀n kò pé. Òṣùwọ̀n pé ná, kí a tó fi èènì lé e. Ọ̀nà Ẹ̀rìn gbóná, mi ò sì mọ èyí tó máa kú nínú wọn kó tó délé. Méjì yìí, àyè ohun tí ojú mi kò tó ni. Bí mo bá yọ ọ́ nítorí pé àádọ́ta pé, kí ló máa dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?”

Bàbá, mo dìde dúró. Mo gbàgbé pé ẹ̀rọ ni mo ń ṣọ́. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń ka ìlà méjì yẹn, ibi tí ẹrù ń sọ̀ sí nìkan ni mo ń wò. Mi ò bi ara mi léèrè rí pé èèkàn yẹn ńkọ́? Níbo ló ń gbé? Kété ṣáájú ibi tí ẹrù sọ̀ sí ni a ti ní kí wọ́n máa rì í. Bí olùpín ilẹ̀ bá rìn síwájú díẹ̀, ilẹ̀ tiwa ṣì wà lẹ́yìn tí èèkàn lè dúró sí. Ṣùgbọ́n bó bá dúró sórí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an, bí mo ṣe pàṣẹ fún un, kò sí ilẹ̀ tiwa lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ti aládùúgbò ni. Àyè tí mo pè ní òfo, ilé èèkàn ni. Mo lé èèkàn kúrò nílé rẹ̀, ó lọ ń rì sínú ilẹ̀ onílẹ̀, ó ń ba ohun tí aládùúgbò tọ́jú síbẹ̀ jẹ́. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ mẹ́jọ sì ni olùpín ilẹ̀ yìí máa ń kà kó tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ibì kan. Nínú ibi mẹ́rin tó lè tẹ̀, ọ̀kan á bọ́ sórí nọ́ńbà tó tọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń dákú bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ilẹ̀ aládùúgbò tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ni èèkàn ń bọ́ sí; nọ́ńbà Àǹtí Rachael ló yí bí a ṣe ń pín ilẹ̀ padà, yíyọ tí a yọ ọ́ kò sì dá a padà bó ṣe wà.

Mo sáré jáde sí ibi tí Bùrọ́dà Sofiyullah ti ń tú wáyà. Mo kígbe pé, “Èmi ni! Èmi ni mo bà á jẹ́! Èèkàn wa ni a ń rì sínú ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn!”

Bùrọ́dà Sofiyullah fò dìde, ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu, ó ń wo ọ̀ọ̀dẹ̀ òdìkejì. Ó ní, “Malikah! Ìfọ́n la wà o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lù wá pa ni? Rọra sọ ọ̀rọ̀ èèkàn àti ilẹ̀ onílẹ̀!” Dọlápọ̀sí ti ṣubú sílẹ̀, ẹ̀rín ń pa á lọ. Èmi nìkan ni mò ń sunkún.

Mo ya gbogbo rẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ fún wọn. Mo sọ pé láti ìjẹta ni mo ti ń fura sí ara mi, pé ẹ̀rù ló pa mí lẹ́nu mọ́. Mo kúnlẹ̀. Bùrọ́dà Sofiyullah wo ohun tí mo yà. Ó wá ní, “Dìde. Ìwọ lo kọ ọ́. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò tó ní o káre? Bí a bá fẹ́ na ẹnì kan, èmi ni kí a kọ́kọ́ nà.” Ó tún sọ pé, “Ṣùgbọ́n èyí tí o fi dákẹ́ yẹn, má ṣe é mọ́. Màmá ń bá wa ṣọ́ ẹyin pẹ̀lú egungun àádọ́rin ọdún.” Ìyẹn dùn mí ju pàṣán lọ. Ó sì tọ́.

A kò kọ́kọ́ tún un ṣe. Bùrọ́dà Sofiyullah ní ká rí i kó bàjẹ́ lójú wa ná. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lọ́wọ́ wa tó bá ti inú ẹ̀rọ dọ́gba. Ó ní kí n kọ ìdánwò kan síbẹ̀ tí yóò máa gba ilẹ̀, tí yóò máa dá a padà, tí yóò sì kọ ohun tí a mọ̀ sára ilẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, ká lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ ẹ́. Ìka méjì mi ni mo fi kọ ọ́. A tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìkíní, ó dára. Ìkejì, ó dára. Ìkẹta, ó dára. Ìkẹrin, ó pariwo pé wọ́n ti ba ilẹ̀ òsì jẹ́. Bàbá, a hó yèè! Àwa mẹ́ta dì mọ́ra wa, a ń fò, nítorí pé nǹkan bàjẹ́. Màmá yọjú, ó ní, “Irú wèrè wo ni mo gbà sílé yìí?”

Mo wá yọ ìlà méjì mi kúrò, mo dá àyè èèkàn padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìdánwò náà sáré nígbà ẹgbàárùn-ún láìfarapa. Ọkàn mi kò balẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí a tún un dán wò. Dọlápọ̀sí ní, “Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó tún un dán wò!” A tún un dán wò, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Kí oòrùn tó dé àtàrí, a ti fi kóòdù náà sínú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà Àǹtí Rachael padà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Màmá yọ ìgò omi gbígbóná kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká ìró rẹ̀ jọ, ó sì sùn lórí àga níbẹ̀ gan-an, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀rọ kò dákú mọ́ láti ìgbà náà títí di òní.

Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ bóyá òtútù ti pa àwọn ẹyin náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi dúró. Mi ò lè jẹun dáadáa, Ìyá á sọ fún yín. Lánàá òde yìí tó jẹ́ ọjọ́ kọkànlélógún tí ẹyin ti wọ ẹ̀rọ, a tètè jí lọ sí Ìfọ́n. Kí a tó wọlé la ti ń gbọ́ ariwo wọn. Ṣío, ṣío, ṣío, bí ọjà àárọ̀. Mo wo ojú gíláàsì: ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún èèpo ẹyin rẹ̀, ó gún un, ó sinmi, ó tún gún un, èèpo là, ó yọ orí tútù kékeré kan síta bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Nínú ẹyin òjìlélúgba, igba ó lé méje ló pa. Àwọn àgbà ọ̀ọ̀dẹ̀ òdìkejì wá wò ó, gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ìlọ́bù kò wá se ẹyin, àṣé wọ́n wá bá wa bímọ ni.” Màmá Adéoyè fi orin ìyìn bẹnu, ó ń jó láàárín páálí, èmi náà ń wí pé Alíhámúdúlíláì, ó sì di ọwọ́ mi mú, a jọ ń jó.

Ó wá bi Bùrọ́dà Sofiyullah níwájú gbogbo wọn pé ta ló tún ẹ̀rọ òun ṣe. Ó ní, “Ẹni tó bà á jẹ́ náà ni, Màmá, òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín yìí.” Mo fẹ́ wọnú ilẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ mi sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ tó gbégbá orókè ní kíláàsì. Ó ní, “Mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún márùndínlógójì. Ọ̀pọ̀ ló ba nǹkan jẹ́, tó sá. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ará Ìfọ́n, Bàbá, fún ọmọ yín.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, Bùrọ́dà Sofiyullah ní iṣẹ́ kù. Ó ní ẹni tó kọ kóòdù yẹn kò kọ ìdí tí àyè náà fi wà, ìyẹn ló jẹ́ kí n yọ ọ́, ẹlòmíràn sì lè tún dé lọ́la tó máa fẹ́ gba àyè là. Kí n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní èdè tó bá wù mí. Kọ̀ǹpútà kì í ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ènìyàn ló ń kà á. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ. Níkẹyìn, mo fi orúkọ mi sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí nìyí, Bàbá, nínú gbogbo ẹ̀rọ ìsàba tó bá jáde láti Ìlọ́bù: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àyè yìí. Ó dà bí òfo, ṣùgbọ́n ilé èèkàn ni. Èmi Malikah Àkànó ti yọ ọ́ rí, ẹyin òjìlélúgba sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Bí kò bá yé yín, ẹ wá bi mí.”

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti ara líle kẹ́ yín. Kí igi kòkó yín so, kí ejò má rí yín nínú ewé, kí ọkọ̀ tó máa gbé yín wálé lóṣù Kejìlá má bá ìdíwọ́ kankan pàdé. Gbogbo ilé ń kí yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà láti rí yín,
Malikah.

Mo tún fẹ́ sọ: Ìyá dúró lẹ́yìn mi bí mo ṣe ń ṣe àpò lẹ́tà yìí. Ó ní kí n kọ ọ́ pé òun gbọ́ pé ẹ tún ti ń gun igi kòkó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín, Alàgbà Ọládèjì ló sọ fún òun, ẹ má wulẹ̀ sẹ́ ẹ. Ó ní bí ẹ bá tún gùn ún, òun ń bọ̀ wá bá yín lóko, ó sì ti ń wọ bàtà rẹ̀ lójú mi báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ èsì.